Ọta Tó Mọ Ìwọ̀n

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ máa ń gbé wá bá mi jù lọ ní Bantama nìyí: "Bàbá Ọdẹ, ọta wo ló le jù fún àgbọ̀nrín?" Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n má béèrè èyí tó le jù. Kí wọ́n béèrè èyí tó ń ṣe ohun kan náà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fa apátí. Líle wà lọ́jà, owó ló ń rà á. Ìdọ́gba kò sí lọ́jà, ọdẹ ló ń fi ọwọ́ àti sùúrù ara rẹ̀ wá a. Ọdẹ tó mọ ibi tí ọta rẹ̀ lè dé, tó sì mọ ibi tí ipá rẹ̀ pin sí, ẹran rẹ̀ kì í kú gbé sínú igbó.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Ọdẹ ló tẹ ìlú wa dó, ọdẹ sì ni Ògúnlọlá tó jẹ Ṣọ̀ún àkọ́kọ́, nítorí náà a kì í fi ọ̀rọ̀ ìbọn ṣeré nílé wa. Àwọn ará wa ti pẹ́ ní Kumasi, ní ilẹ̀ Gánà. Wọ́n ti ń ṣòwò níbẹ̀ kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn kan padà wá nígbà tó yá, ilé tiwa náà sì wà lára wọn. Bantama, àdúgbò kan ní Kumasi, ni mo fìdí kalẹ̀ sí, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá Komfo Anokye wà, tí Suame àwọn alágbẹ̀dẹ kò sì jìnnà sí. Bí àkókò ọdẹ bá tó, ọ̀nà Ejura àti Nkoranza ni èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń gbà, níbi tí igbó kìjikìji ti ń di ọ̀dàn díẹ̀díẹ̀.

Kí a tó sọ̀rọ̀ ọta, ẹran ni ká kọ́kọ́ mọ̀. Ẹtu, tí àwọn Àṣáńtí ń pè ní ɔtwe, kì í sábà wọ̀n ju kìlò mẹ́wàá lọ. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, eegun rẹ̀ tín-ín-rín, bí ọta kékeré bá bà á níbi tó yẹ, kò ní rìn jìnnà. Àgbọ̀nrín, tí wọ́n ń pè ní ɔwansan, yàtọ̀ pátápátá. Akọ rẹ̀ tó dàgbà lè wọ̀n tó 50 kìlò, ọrùn rẹ̀ nípọn, eegun èjìká rẹ̀ le, ẹ̀mí rẹ̀ sì gùn. Mo ti rí àgbọ̀nrín tí ọta bà ní ikùn tó sá kọjá odò méjì kó tó dùbúlẹ̀. Ọta tí yóò dá irú ẹran bẹ́ẹ̀ dúró lẹ́sẹ̀ kan náà yóò fọ́ ẹtu yángá-yángá, kò ní sí ẹran tí a ó gbé délé. Ọta tó sì tó fún ẹtu yóò kàn wọ àgbọ̀nrín lára ni, yóò gbé e lọ jìyà, ẹyẹ igún ni yóò sì jẹ èrè ọdẹ náà.

Nítorí náà, kò sí ọta kan ṣoṣo tó dára fún gbogbo ẹran. Ọ̀rọ̀ tó wà nídìí yíyàn ọta kò ju mẹ́ta lọ: ẹran wo ni mo ń lọ pa, níbo ni mo fẹ́ kí ọta bà á, báwo ni yóò ti jìnnà sí mi tó? Ibi tí ọta ní láti bà kò yí padà. Ẹ̀yìn ẹsẹ̀ iwájú ni, níbi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà. Ní ara àgbọ̀nrín tó dàgbà, ibẹ̀ kò fẹ̀ ju àwo ìjẹun kan lọ. Ohun tó ń yí padà ni jíjìn. Nínú igbó tó dí, ẹran lè wà ní ogún ìṣísẹ̀ kí o tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ní ọ̀dàn, o lè rí i láti ọgọ́rin ìṣísẹ̀ tó ń jẹ ewé, tí ojú rẹ sì ń wọ̀ ọ́. Ibi tí ojú dé yàtọ̀ sí ibi tí ọta dé. Ẹni tí kò bá gba èyí gbọ́ yóò máa ṣá ẹran lọ́gbẹ́ kiri ni.

Ìbọn ṣakabùlà ló kọ́ àwọn baba wa ní ọta àfọwọ́kì. Kò sí ṣọ́ọ̀bù kankan tó ń bá ọ ki ìyẹn. Ìwọ ni yóò da ẹ̀tù sí ẹnu ìbọn, ìwọ ni yóò fi ìhá ẹyìn tàbí àkísà dí i, tí wàá fi ọ̀pá irin kì í mọ́lẹ̀, kí o tó da ọta sí i, kí o sì tún dí i lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọta má baà yọ́ jáde bí o bá dojú ìbọn kọlẹ̀. Gbogbo ìgbà tí o bá ki ìbọn, ọwọ́ rẹ ni ilé iṣẹ́ tó ṣe ọta yẹn. Bí ọwọ́ rẹ bá ṣe tó, bẹ́ẹ̀ ni ọta rẹ yóò ṣe tó.

Bàbá tó kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí ní àdó kékeré kan tó fi ń wọn ẹ̀tù. Ó ti gé ẹnu rẹ̀ kó lè gba ìwọ̀n tó fẹ́ gẹ́lẹ́. Bí ó bá bu ẹ̀tù kún un, á fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú, kó tó dà á sí ẹnu ìbọn. Kò fi ojú wọ̀n ọ́n rí, ìbáà jẹ́ òjò ló ń lé e. Ó sì ti fi ọ̀bẹ fa ìlà méjì sára ọ̀pá ìkìbọn rẹ̀. Bí ọ̀pá bá wọlé dé ìlà àkọ́kọ́ nìkan, ìbọn ti ní ẹ̀tù àti ọta nínú. Bí ó bá wọlé dé ìlà kejì, òfìfo ni. Bí ìlà àkọ́kọ́ bá fi ìka kan yọ sókè ju bó ṣe yẹ lọ, á mọ̀ pé ẹ̀tù ti pọ̀ jù tàbí pé ìhá kò wọlé dáadáa, á sì tú gbogbo rẹ̀ dà nù. Ìlà méjì yẹn dáàbò bò ó títí ó fi gbé ìbọn kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdẹ tí ìka wọn ti gé, tí ojú wọn ti fọ́, ẹ̀tù tí wọ́n kì lé ẹ̀tù ló ṣe é fún wọn: wọ́n gbàgbé pé ìbọn ti ní nǹkan nínú, wọ́n sì tún kì í.

Ìtàn Bantama fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí ohun tí mo ń sọ. Bantamahene ni olórí ogun Àṣáńtí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Amankwatia, tó wà lórí ipò yẹn nígbà ayé Kofi Kakari, ọba Àṣáńtí, ló kó ogun pàdé Wolseley, ọ̀gágun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Amoaful ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 1874, ibẹ̀ ló sì kú sí. Àwọn Àṣáńtí mọ igbó yẹn bí ẹní mọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ìgboyà kò sì wọ́n wọn. Ṣùgbọ́n ìbọn ṣakabùlà ni wọ́n fi ń jà, wéréwéré ni wọ́n ń kì í, ọta tí wọ́n sì ń dà sí i jẹ́ ègé irin àti òjé tí ọ̀kan kò jọ èkejì. Ìbọn Snider wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Òyìnbó, èyí tí a ń ti ìdí rẹ̀ ki kátíríìjì tí a ti wọ̀n sílẹ̀, tí ọ̀kan kò fi nǹkan kan yàtọ̀ sí èkejì. Ọta Àṣáńtí ba ọ̀pọ̀ wọn lọ́jọ́ náà, àmọ́ àwọn tó fara gbọgbẹ́ pọ̀ fíìfíì ju àwọn tó kú lọ. Ọta tí kò dọ́gba kì í ní ipá tó bá ti la ewé àti ẹ̀ka igi kọjá. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Kumasi ti jóná. Bí mo bá rántí èyí, mi ò lè fi ojú kékeré wo ọdẹ tó ń wọn ẹ̀tù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Lóde òní, kátíríìjì ni ọ̀pọ̀ wa ń lò, lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i lára ló sì ń sọ bí ọta inú rẹ̀ ṣe tóbi tó. Nínú áúnsì kan òjé, tí í ṣe nǹkan bíi gíráàmù 28, ọta SG kò ju mẹ́jọ lọ, AAA jẹ́ 35, BB jẹ́ 70. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ọdẹ ni pé bí ọta bá ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni iye rẹ̀ ṣe kéré tó. BB pọ̀, ó sì ń bo ojú ibi tí a dojú ìbọn kọ, ṣùgbọ́n kò ní ipá láti la èjìká àgbọ̀nrín já. Òyà àti ẹtu nìyẹn wà fún, nítòsí. SG lè la eegun já, àmọ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án péré ló ń wà nínú kátíríìjì kan, tí ẹran bá ti jìnnà díẹ̀, wọn á ti fọ́n ká. Ọ̀kan lè ba ikùn, òmíràn lè ba ìtan, kí ọkàn má sì rí ìkankan. Fún àgbọ̀nrín nínú igbó tó dí, AAA ni mo máa ń yàn, tí mi ò sì ní jẹ́ kó kọjá ìṣísẹ̀ 25. Bí mo bá mú SG dání, ìbọn tí mo ti dán wò pẹ̀lú SG ni mo máa ń gbé.

Dídánwò yẹn ni ọ̀pọ̀ ọdẹ kì í ṣe. Wọ́n á ní ọta ti wọ́n, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣòfò sára páálí? Ọta tí wọ́n yìn sí ẹran tí kò kú ni òfò. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń gbé páálí ńlá síbi tí òkè tàbí ebè gíga wà lẹ́yìn rẹ̀, n ó ya àmì róbótó sí i lára, kó tó àyà àgbọ̀nrín gẹ́lẹ́. N ó ka ogún ìṣísẹ̀, n ó yìn ín, n ó ka ihò tó wà nínú àmì. N ó tún sún sẹ́yìn dé ọgbọ̀n ìṣísẹ̀, n ó fi páálí tuntun sí i. Bí ihò SG tó wọ inú àmì kò bá pé márùn-ún mọ́, ibẹ̀ ni ìbọn yẹn àti ọta yẹn pin sí, n ó sì padà sẹ́yìn sí ibi tó ti pé. Mi ò gbọ́dọ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí n sọ pé ó tán, nítorí pé ohun tí mo ń wá ni bóyá ti ìrọ̀lẹ́ yóò jọ ti àárọ̀. Ìbọn méjì láti ọwọ́ alágbẹ̀dẹ kan náà lè ṣe ohun tó yàtọ̀ pẹ̀lú páálí ọta kan náà. Ẹni tó gbára lé ohun tí ìbọn ẹlòmíràn ṣe, àgbọ̀nrín èṣí ló ń jẹ lọ́bẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọmọdé ń ṣe tí kò dáa rárá. Wọ́n á ra kátíríìjì ọta wẹ́wẹ́, wọ́n á ya ẹnu rẹ̀, wọ́n á da ọta inú rẹ̀ nù, wọ́n á sì fi ègé òjé ńláńlá rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n lè fi pa ẹran ńlá. Ẹni tó ṣe kátíríìjì yẹn ti wọn ẹ̀tù rẹ̀ mọ́ ìwọ̀n ọta tó fi sí i. Bí ẹrù tó wà níwájú ẹ̀tù bá wúwo jù, ipá náà kò ní ríbi gbà jáde kíákíá, ara ìbọn ni yóò gbà. Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń da ẹ̀tù inú kátíríìjì sínú ṣakabùlà. Ẹ̀tù tí kì í rú èéfín yẹn, tí Paul Vieille ọmọ ilẹ̀ Faransé ṣe jáde ní 1884, kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀tù dúdú àwọn baba wa. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ní ipá tó lè ya irin ṣakabùlà sí méjì lójú ẹni tó gbé e. Bí ìbọn ní apátí, bí kò ní apátí, ta ni yóò gbà kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun? Ẹni tó bá ki ẹ̀tù tí kò mọ̀, ojú ara rẹ̀ ló kọ ọ́ sí.

Àbúrò mi kan wà ní Texas tó ń dẹ àgbọ̀nrín tiwọn lọ́hùn-ún. Ráífù .308 Winchester ló ń lò, irú èyí tó ti wà lọ́jà láti 1952, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń ki ọta rẹ̀. Mo jókòó tì í nídìí tábìlì nígbà tí mo lọ kí i. Ó mú ilé ọta onídẹ tó ti yìn lẹ́ẹ̀kan, ó fọ̀ ọ́, ó fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ padà sí ìwọ̀n rẹ̀, ó fi káàpù tuntun sí ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹ̀tù ka òṣùwọ̀n. Grain ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, 7,000 rẹ̀ ló sì wà nínú pọ́ùn kan. Nígbà tí ẹ̀tù ku díẹ̀ kó pé, ó fi ìka ta ìdí ṣíbí kékeré kan jẹ́jẹ́, ẹ̀tù ń já bọ́ ní hóró kọ̀ọ̀kan, títí ọ̀pá òṣùwọ̀n fi dúró gbọnrangandan. Fóònù rẹ̀ dún lẹ́ẹ̀mejì, kò wò ó. Kò dá mi lóhùn pàápàá títí ó fi fi orí ọta dé e.

Ìwé tí àwọn tó ṣe ẹ̀tù náà tẹ̀ jáde wà ní ṣíṣí níwájú rẹ̀. Ibi tó kéré jù nínú ìwé ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá yìn ín tán, á yẹ ìdí ilé ọta wò bóyá káàpù ti tẹ́ pẹlẹbẹ jù, á sì wò ó bóyá ìbọn ti ń le láti ṣí, nítorí àmì pé ipá ti ń pọ̀ jù nìwọ̀nyẹn. Ó to oríṣiríṣi tó kì sílẹ̀, ó sì yìn wọ́n ní mẹ́ta-mẹ́ta sára ìwé. Mo bi í léèrè èyí tó máa mú lọ sóko ọdẹ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí tó yára jù nìyí, ẹ wo bí ihò rẹ̀ ṣe fọ́n ká. Èyí tó lọ́ra díẹ̀ yìí ni mo máa mú, ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹnu kora." Mo rántí àdó bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́. Òkun ló wà láàárín àwọn méjèèjì, òye kan náà ló wà lórí wọn.

Lẹ́yìn ìdọ́gba, ohun tí orí ọta fúnra rẹ̀ ń ṣe nínú ẹran ló kàn. Ní 1946, ọdẹ ọmọ Amẹ́ríkà kan, John Nosler, lọ ṣọdẹ moose ní ilẹ̀ Kánádà, ẹran tí a lè pè ní baba àgbọ̀nrín. Ìbọn tó gbé lágbára gan-an, àmọ́ ọta rẹ̀ ń fọ́ ní èjìká ẹran náà tí ẹrẹ̀ gbígbẹ bò, kò wọlé dé ọkàn. Kò lọ ra ìbọn tó tún lágbára ju ìyẹn lọ. Ó jókòó, ó ṣe ọta tuntun tó ní ògiri bàbà láàárín, kí iwájú rẹ̀ lè ṣí bí ìtànná, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì dúró ní odidi kó máa wọlé lọ. Ọta Partition nìyẹn, tí àwọn ọdẹ ṣì ń lò títí dòní. Ìbọn ńlá tó ní ọta tí kò yẹ kò sàn ju ìbọn kékeré lọ.

Irú ọta tí kò yẹ mìíràn tún ni ọta ológun, tí wọ́n fi irin tàbí bàbà bò lórí títí dé ṣóńṣó. Ó máa ń gún ẹran já ni, ihò kékeré ni yóò ṣí, ẹran á sì sá lọ kú síbi jíjìn. Ní 1899, ní Hague, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé àwọn kò ní fi ọta tó ń ṣí nínú ara ja ogun mọ́. Ṣùgbọ́n òfin àgbọ̀nrín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1991 pa á láṣẹ pé ọta tí orí rẹ̀ rọ̀ tàbí tó ní ihò, tí yóò ṣí nínú ara, nìkan ni kí wọ́n fi pa àgbọ̀nrín. Àwọn ọmọ ogun ń wá bí ọ̀tá yóò ṣe kúrò lójú ìjà, ọdẹ ń wá kí ẹran kú kíákíá láìjoró. Òfin yẹn kò dúró síbẹ̀. Ó ní ráífù tí ojú rẹ̀ kò tó ínṣì .240, tàbí tí ipá rẹ̀ lẹ́nu ìbọn kò tó 1,700 foot-pound, a kò gbọ́dọ̀ yìn ín sí ọ̀pọ̀ jù lọ irú àgbọ̀nrín. Fún muntjac, tó kéré tó sì súnmọ́ ẹtu tiwa, .220 àti 1,000 ti tó. Níbi tí wọ́n bá sì ti gba ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ láàyè nítorí oko tí ẹran ń bà jẹ́, wọ́n ní ọta kò gbọ́dọ̀ kéré ju AAA lọ. Ẹ ò rí i pé ohun tí igbó kọ́ wa ni òfin wọn kọ sílẹ̀: ẹran ló ń yan ọta, kì í ṣe ìfẹ́ inú ọdẹ.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí àwọn baba wa kò mọ̀, tí kò sì yẹ kí àwa tó mọ̀ ọ́n fi pamọ́. Òjé májèlé ni. Bí ọta òjé bá ba eegun, á fọ́ sí ègé wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí, wọn á sì wọ inú ẹran jìnnà sí ibi tí ihò wà. Ní Allada, ní ilẹ̀ Benin, àwọn oníṣègùn yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá àti ọmọ wẹ́wẹ́ wò, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 sì fi hàn pé jíjẹ ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n fi ọta òjé pa wà lára ohun tí òjé ń gbà wọ ara wọn. Àwa tí ẹran wa ń dé Atwemonom, níbi tí gbogbo Kumasi ti ń ra ẹran ìgbẹ́, ẹnu ọmọ ọlọ́mọ là ń bọ́. Nítorí náà, gbogbo ibi tí ọta gbà kọjá ni kí a gé sọnù, kí a gé e fẹ̀, pẹ̀lú ẹran tí ẹ̀jẹ̀ dì sí yí i ká. Ẹ má ṣe fi í fún ajá, ẹ má sì fi í se ọbẹ̀ fún aláboyún. Ẹni tó ń yọ́ òjé bátìrì ọkọ̀ láti fi ṣe ọta lẹ́yìn ilé, níbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré, kí ó jáwọ́ ńbẹ̀ lónìí. Ní ti àwọn tó ń lo ráífù lókè òkun, ọta bàbà tí kò ní òjé nínú ti wà fún wọn. Barnes ti ń ta irú rẹ̀ láti 1989, ní California sì rèé, láti oṣù keje ọdún 2019, wọn kò gba ọta òjé láàyè fún ọdẹ mọ́.

Òfin náà wà lára ohun tí ọdẹ ń mú dání kó tó mú ọta. Ní Gánà, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ títí di ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá lọ́dọọdún, igbó ń sinmi lábẹ́ òfin tó wà láti 1971, òyà nìkan ni ọdẹ tó ní ìwé àṣẹ lè pa. Kò sí ọta tó dára fún àgbọ̀nrín láàárín oṣù wọ̀nyẹn. Igbó Owabi tó wà nítòsí wa níbí jẹ́ ibi ààbò fún ẹranko, a kì í gbé ìbọn wọ ibẹ̀ nígbàkigbà. Ìbọn gbọ́dọ̀ ní ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kí a sì máa sọ ìwé náà dọ̀tun lọ́dọọdún. Òfin kò gbà kí alágbẹ̀dẹ ṣe ìbọn láìgba àṣẹ, bó ti wù kí ọwọ́ àwọn ọmọ Suame dá tó. Òfin ti àwọn ọdẹ fúnra wọn sì ti wà ṣáájú gbogbo ìwọ̀nyí: ìyá tó ń kó ọmọ lẹ́yìn, ẹ jẹ́ kó kọjá.

Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnìkan jẹ. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ yìí le, mo mọ̀ pé ọta wọ́n, mo sì mọ̀ pé ẹni tó ti rìn láti ìrọ̀lẹ́ dé òwúrọ̀ kò fẹ́ padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ìdí nìyẹn gan-an tí mo fi ń sọ ọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹran tí a yìnbọn sí láti ibi tí ọta kò dé kò di tiwa, kò sì di ti igbó mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ọdẹ, yálà Bantama lẹ wà, tàbí Ṣakí, tàbí Kétu, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín. Páálí ọta tí ẹ bá rà tẹ̀lé èyí, ẹ má gbé e wọ igbó tààrà. Ẹ mú díẹ̀ nínú rẹ̀ yìn sára páálí, ẹ ka ihò rẹ̀, ẹ sì mọ ìṣísẹ̀ tí ìbọn yín pin sí. Bí àgbọ̀nrín bá dúró ní ìṣísẹ̀ kan kọjá ibẹ̀, ẹ má yìn ín.